Àyè Ìka Kan Lábẹ́ Golf Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́tò tó rẹlẹ̀, ẹ jókòó tì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ò tiẹ̀ ní mọ́tò, ẹ má lọ o, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò ẹlòmíì. Thread gígùn ni. Ẹ wá omi tútù mu.

Ọ̀rọ̀ ṣáàfù ni. Ṣáàfù ni irin gígùn tó ń gba agbára lọ́wọ́ gíá tó ń gbé e fún táyà. Tí kò bá sí i, ẹ́ńjìnnì á kàn máa pariwo lásán, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan. Tí wọ́n bá wá rẹ mọ́tò sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣáàfù yìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ṣásí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò àbúrò mi ọkùnrin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tá à ń gbé, torí ó wà lára ìtàn. Ọjọ́ ni, nítòsí Volks. Tẹ́ ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì rí láti Mile 2, ẹ ti gbọ́ bí kọ̀ndọ́ ṣe máa ń pè é: "Volks! Ìyànà-Ìbá! Okoko wọlé!" Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ̀kalẹ̀ ní Volks lójoojúmọ́ láìbéèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Iléeṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ló wà níbẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 1975 ni mọ́tò àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Wọ́n to Ìjàpá níbẹ̀, wọ́n to Passat, wọ́n to Audi, wọ́n sì to èyí tí wọ́n ń pè ní Igala. Igala yẹn, Brasília tí Volkswagen ń ṣe ní Brazil ni, wọ́n kàn sọ ọ́ lórúkọ mìíràn ni. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ náà ti dáwọ́ dúró. Iléeṣẹ́ panu dé, àmọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ò bá a panu dé. Wọ́n ṣì wà lábẹ́ igi, lábẹ́ páànù, láti Ọjọ́ títí dé Okokomaiko.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àbúrò mi.

Golf 2 ló rà, tòkunbọ̀, èyí tó gba Kútọnu wọlé. Láàárín ọdún 1983 sí 1992 ni wọ́n ṣe Golf 2 ní Yúróòpù, torí náà èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Àgbà ni. Àbúrò mi kùn ún, ó ran ìjókòó rẹ̀ tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi háyà fún àwọn tó fẹ́ fi mọ́tò àtijọ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí àti ìgbéyàwó. Èmi ni mò ń bá a ya fídíò. Iṣẹ́ mi nìyẹn látìgbà tí mo ti jáde ní LASU. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, Màmá ń gbàdúrà, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló wo fídíò àwọn ọmọ Jámánì. Ẹ ti rí irú rẹ̀: Golf tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àyà fa ilẹ̀, ojú títì tó ń dán bí abọ́ àwo. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan lẹ́bàá títì, ẹni yẹn fi iná gé sípírìngì iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó ní kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mọ́tò rẹlẹ̀ lóòótọ́. Kí n má parọ́, ó wuyì. Fídíò tá a kọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú rẹ̀ rìn dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bó ṣe ń dún ló kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu. Tí àbúrò mi bá dá wà nínú mọ́tò, kò ní dún. Tí Màmá bá jókòó síwájú, tí àwa yòókù kún ẹ̀yìn, tá a wá já sínú kòtò tàbí tá a gun gegele tí wọ́n fi ń dín eré kù lójú ọ̀nà Ìbá, abẹ́ ẹsẹ̀ Màmá á ní "gbàn-ùn! kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀." Màmá á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé èmi lẹ fẹ́ fi dán mọ́tò yín wò ni?"

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ṣáàfù ti kú. A ra òmíì, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún dún. Wẹ́dà kan ní òun mọ ibi tó ti ń dún, ó ní ṣásí ló ń dí i lọ́wọ́, pé kí àwọn fi iná gé ibẹ̀ dànù, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Àbúrò mi ti fẹ́ gbà fún un. Ó ní iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọkọ àti ìyàwó kan fẹ́ fi mọ́tò náà lọ sí Badagry, wọ́n sì ti san àsansílẹ̀. Màmá ló ní rárá, kí á kọ́kọ́ lọ bá Bàbá.

Bàbá yìí ló máa ń tún Ìjàpá bàbá wa ṣe nígbà tí bàbá wa ṣì wà láyé. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 ló wọ iléeṣẹ́ náà, ọmọdé ni nígbà yẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju páànù mẹ́rin lọ. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ó kí Màmá, ó béèrè ara ilé, lẹ́yìn náà ló wo mọ́tò. Kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi sọ pé, "Ta ló bá yín gé sípírìngì?"

Wọ́n fi jáàkì gbé e sókè, wọ́n fi igi ti abẹ́ rẹ̀, Bàbá wọ abẹ́ mọ́tò. Ó ní kí n wá fi fóònù mi tan iná sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Lápá ọ̀tún, lórí ṣáàfù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, àmì kan yí i po, ó ń dán bí òrùka fàdákà. Ní òkè rẹ̀ gan-an, lára ṣásí, ọ̀dà ti bó, ibẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀. Nǹkan méjì tí kò yẹ kó mọ ara wọn ti ń bára wọn jà.

Bàbá ní, "Ṣáàfù ò ṣẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ lẹ dí."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí.

A máa ń rò pé tá a bá rẹ mọ́tò sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Irọ́ ni. Táyà ò lọ síbì kankan, ilẹ̀ ló ṣì wà. Ara mọ́tò ló lọ sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àti gíá tó wà lára rẹ̀. Orí kan ṣáàfù wà lára gíá, orí kejì wà lára táyà. Gíá lọ sílẹ̀, táyà dúró. Tẹ́ ẹ bá wá wò ó láti inú mọ́tò, ó dà bí ìgbà tí táyà gbé orí ṣáàfù tirẹ̀ gòkè. Ẹ mú ọmọ odó, ẹ fi orí kan lélẹ̀, kí ẹ gbé orí kejì sókè. Tí orí kejì bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, àárín rẹ̀ á gòkè ní mẹ́ta. Ibi tí ṣásí dábùú ṣáàfù kọjá ò jìnnà sí àárín yẹn. Ìdí nìyẹn tí àyè tó wà láàárín wọn fi tán.

Kí ló dé tó fi jẹ́ apá ọ̀tún nìkan? Ẹ́ńjìnnì Golf dùbúlẹ̀ ní ìbú ni, gíá sì wà lápá òsì. Torí náà ṣáàfù òsì kúrú, ti ọ̀tún gùn, abẹ́ ṣásí ló sì ń gbà lọ bá táyà. Àwọn tó ń rẹ Golf sílẹ̀ káàkiri ayé mọ ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kàn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa mọ́tò lápá ọ̀tún títì, dírẹ́bà ń jókòó sósì, èrò iwájú ń jókòó sọ́tùn-ún. Ìjókòó Màmá nìyẹn. Bó bá ti jókòó, ìwọ̀n ara rẹ̀ á tún tẹ apá ibẹ̀ sílẹ̀ sí i, díẹ̀ tó kù láàárín ṣáàfù àti ṣásí á tán. Bí àbúrò mi bá dá wà ní òsì, kò ní dún. Gbogbo ẹ̀ wá yé mi.

Mo bi í léèrè pé ṣé Ìjàpá náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ pé inú páìpù ni ṣáàfù wà, ẹ̀bá gíá nìkan ló ti ń ṣẹ́ra. Tẹ́ ẹ bá rẹ irú Ìjàpá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ jù, orí táyà ẹ̀yìn á tẹ̀ wọnú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á là síta bí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti máa ń sọ fún èèyàn pé ó tó.

Ó tún fi nǹkan méjì hàn wá. Àkọ́kọ́ ni sípírìngì tí wọ́n fi iná gé. Iná yẹn máa ń ba líle irin jẹ́. Irin sípírìngì kì í ṣe irin lásán, wọ́n ti fi iná àti ìtútù tọ́ ọ kó lè máa tẹ̀ kó sì máa padà. Tó bá ti tún rí iná, ibi tó gbóná ò ní padà bó ṣe yẹ mọ́, ó sì lè kán. Èkejì ni rọ́bà kékeré kan tó yẹ kó wà lára ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Rọ́bà yẹn ló máa ń sọ fún táyà pé, "Dúró níbẹ̀, má gòkè mọ́." Ẹni tó gé sípírìngì ti yọ ọ́ dànù kí mọ́tò lè rẹlẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó ń dá táyà dúró mọ́ àfi ṣásí fúnra rẹ̀.

Kí ló burú nínú kó máa kàn díẹ̀? Mo bi í bẹ́ẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Irin tó ń yí pẹ̀lú eré tó wá ń gbá irin mìíràn á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ojú ibi tó jẹ ló sì máa ń kán lọ́jọ́ kan. Àwọn oríkèé ṣáàfù náà wà ńbẹ̀. Nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ló ń yí nínú gírísì kí ṣáàfù lè máa ṣẹ́ra láìgbọ̀n. Tó bá ti dagun jù, wọ́n á máa gbóná, wọ́n á máa jẹra wọn. Rọ́bà tó bo oríkèé ní tirẹ̀ lè ya, gírísì á tú síta, yanrìn á wọlé. Yanrìn Ọjọ́ yìí náà! Ẹ mọ̀ ọ́n.

Àbúrò mi wá ní, "Bàbá, ẹ kúkú jẹ́ kí wọ́n gé ṣásí yẹn."

Bàbá ò bínú. Ó ní gígé wà lóòótọ́, òun ò sọ pé kò sí. Àmọ́ gígé yàtọ̀ sí gígé. Ṣásí ibẹ̀ dà bí àpótí gígùn tó ṣófo nínú, bó ṣe dé yípo ló fún un lágbára. Tẹ́ ẹ bá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lẹ́nu ṣíṣí, ẹ ti ṣẹ́ egungun mọ́tò. Kẹ́ ẹ fi òòlù lù ú wọnú ò sàn ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ká, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síwájú lọ́tùn-ún ló sì wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gé e bó ṣe yẹ, á kọ́kọ́ tú bátìrì, á kó páìpù epo jìnnà sí iná, á yọ ṣáàfù. Á fi ẹfun sàmì sí ibi tí ṣáàfù ń kàn gan-an. Á gé ibẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kò ní gé e ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà á fi irin tó nípọn, tàbí ìlàjì páìpù tó nípọn, dí ojú ihò náà, á jó o yípo láìfo ibì kankan, á wá kùn ún kó má dípẹtà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni, iṣẹ́ wẹ́dà tó mọ ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe ti ogún ìṣẹ́jú.

"Kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀," Bàbá ní, "ẹ kọ́kọ́ wá àyè lọ́nà tí kò gba iná."

Àbúrò mi dákẹ́. Ọjọ́rú la wà, Sátidé ń bọ̀. Owó àsansílẹ̀ yẹn, ó ti ná apá kan nínú rẹ̀ sórí táyà. Ó jáde lọ síta, ó pẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tó padà, ó ní òun ti sọ fún ọkọ ìyàwó pé mọ́tò ò ní lè lọ, òun á dá owó wọn padà lódindi. Mo yá a lówó tó kù. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú rẹ̀ pọ́n. Màmá kàn bu omi fún un mu.

Ìgbà yẹn niṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Ládípọ̀ la ti rí sípírìngì tí kò tíì rí iná rí, tó kúrú díẹ̀ sí ti àtilẹ̀wá, àti rọ́bà ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì. Bàbá tún ní kí á wá oríṣi ṣáàfù mìíràn. Ṣáàfù ọ̀tún Golf pín sí méjì: èyí tó dà bí páìpù, tó sanra, tí inú rẹ̀ ṣófo, àti èyí tó jẹ́ irin gbọnrangandan, tó tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó sanra ni wọ́n tà fún wa nígbà àkọ́kọ́. Àwòrán méjèèjì wà lórí fóònù mi, ìyàtọ̀ àárín wọn hàn sójú. Tẹ́ ẹ bá fi tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò, ẹ ti rí àyè díẹ̀ láìgé ohunkóhun. A sì tún pààrọ̀ sítìn ẹ́ńjìnnì, torí èyí tó ti rọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fò sókè tẹ́ ẹ bá tẹná mọ́ mọ́tò, á sì gbé ṣáàfù dání.

Bóòtù mẹ́fà ló so ṣáàfù mọ́ gíá. Inú orí wọn ní eyín méjìlá, ó ní irinṣẹ́ tó ń tú u. Bàbá ní ẹni tó bá fi òòlù àti ohun mìíràn kàn án, orí rẹ̀ á bàjẹ́, ọjọ́ yẹn á sì gùn. Ó fọ ojú wọn mọ́ tónítóní kó tó ki irinṣẹ́ bọ̀ ọ́.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ló kàn báyìí. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ àyè tó kù láàárín irin méjì tí ojú ò tó? Bàbá ní kí n lọ ra ẹ̀bà.

Mo rò pé ebi ló ń pa á. Ó ní kó le o, kó sì tutù. Kí ó tó ki sípírìngì bọ̀ ọ́, ó bu ẹ̀bà ṣùùrù kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ṣásí, lókè ṣáàfù gan-an. Ó wá fi jáàkì gbé apá irin tó di táyà mú nísàlẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, títí rọ́bà ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì fi ní ó tó. Ibẹ̀ ni táyà lè gòkè dé jù láyé. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó rọra bó ẹ̀bà náà. Ṣáàfù ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ láàárín. Ó fi ìka rẹ̀ wọn sísanra ibi tó tẹ̀ yẹn.

"Àyè ìka kan," ó ní. "Ó tó. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó jáde níbí."

Mọ́tò ga díẹ̀ ju bó ṣe wà nínú fídíò àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣì rẹlẹ̀ ju ti àtilẹ̀wá, àmọ́ kì í fi àyà fa ilẹ̀. A fi Màmá síwájú, a kún ẹ̀yìn, a gba Ìyànà-Ìbá lọ sí Ìbá, a padà gba Okoko. Gbogbo kòtò la já sí. Kò dún. Nígbà tá a dé ibi tí wọ́n ń kọ́ ọ̀nà rélùwéè, tí títì di págunpàgun, Màmá ti sùn.

Lẹ́yìn fídíò tuntun tá a gbé jáde, àwọn kan wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé mọ́tò náà ò rẹlẹ̀ tó mọ́, pé ẹ̀rù ń bà wá. Ẹ̀yin ará mi, ojú títì àwọn ọmọ Jámánì kọ́ ni Badagry Expressway. Tẹ́ ẹ bá rẹ mọ́tò sílẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wò yín láti òkèèrè ò ní rí àyè yẹn láéláé, òun ló sì ń gbé yín délé.

Torí náà, kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta yìí. Ẹ gbé mọ́tò sókè, kí ẹ fi igi tó lágbára tì í, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, kí ẹ wá wo ṣáàfù ọ̀tún bóyá òrùka tó ń dán wà lára rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá rọ́bà ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá sì gbé iná dé ìdí sípírìngì tàbí ṣásí yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe máa dí ihò náà padà. Tí kò bá lè ṣàlàyé, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Ẹ ju fọ́tò abẹ́ mọ́tò yín síbí, ká jọ wò ó. Mo máa gbé fídíò ẹ̀bà náà jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo bi Bàbá bóyá èèyàn lè fi fùfú ṣe é. Ó ní rárá, fùfú máa ń fà.